Bí A Ṣe Lè Yanjú Ìkìlọ̀ Àìbáramu Ẹ̀yà Nínú psql

Bí ẹ bá ń lo Ubuntu 22.04 lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí sáfà PostgreSQL (ètò dátábéèsì) tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ sì wà ní ìlú mìíràn, ó ṣeé ṣe kí èyí pàdé yín ní kété tí ẹ bá fi psql, ètò tí a fi ń tẹ àṣẹ sí PostgreSQL, wọlé sí i:

WARNING: psql major version 14, server major version 16.
Some psql features might not work.

Kò sí ohun tó ṣe dátábéèsì náà. Psql tó wà lọ́wọ́ yín ni ó ti di ògbólógbòó sí sáfà.

Àṣẹ SELECT lásán, tí a fi ń ka ohun tó wà nínú tébù, yóò máa ṣiṣẹ́ geere, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń kọ etí ikún sí ìkìlọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn àṣẹ bíi \d, tó ń ṣàpèjúwe tébù, ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé inú àwọn tébù tí PostgreSQL fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni psql ti ń wá èsì wọn, àwọn tébù wọ̀nyí sì máa ń yí padà láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà. Nígbà tí PostgreSQL 12 yọ òpó relhasoids kúrò nínú wọn, ẹni tó fi psql 11 ṣe \d lórí tébù kan níbẹ̀, «column c.relhasoids does not exist» ni yóò rí. pg_dump, tí a fi ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì, tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: kíkọ̀ ni ó máa ń kọ̀ pátápátá bí sáfà bá fi ẹ̀yà ńlá jù ú lọ. Àwọn kan a máa fi -q pa ìkìlọ̀ náà mọ́. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Nínú tẹ́mínà, ẹ kọ́kọ́ tẹ type -a psql, kí ẹ lè mọ psql tó ń dá yín lóhùn. Nínú psql, ẹ tẹ SHOW server_version; (pẹ̀lú àmì ; ní ìparí). Yóò sọ ẹ̀yà sáfà. Àpótí ètò tí Ubuntu 22.04 fúnra rẹ̀ ń lò kò ní 16, nítorí náà ẹ lọ sí àpótí ti PostgreSQL:

sudo apt install postgresql-common
sudo /usr/share/postgresql-common/pgdg/apt.postgresql.org.sh
sudo apt install postgresql-client-16

Ẹ má ṣe gbàgbé client yẹn o. Bí ẹ bá kọ postgresql-16, odidi sáfà ni ẹ ó fà wálẹ̀, dátà íńtánẹ́ẹ̀tì yín yóò sì bá a lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ hash -r, kí tẹ́mínà lè gbàgbé ibi tí psql àtijọ́ wà, kí ẹ sì wo psql --version. Bí ó bá ṣì ń sọ 14, ẹ pe /usr/lib/postgresql/16/bin/psql tààrà. Bí òun kò bá kìlọ̀, a jẹ́ pé psql mìíràn ló ṣáájú nínú PATH yín (àwọn ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń wá ètò), irú èyí tí Conda, ètò tí a fi ń fi ètò mìíràn sórí kọ̀ǹpútà, máa ń gbé wá. Ẹ yọ ọ́ kúrò, tàbí kí ẹ fi /usr/bin ṣáájú rẹ̀.