Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwa Tí À Ń Gbé Hilux Wọ Oko Kòkó

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, mẹkáníìkì mi wọ abẹ́ Hilux mi, ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ axle ẹ̀yìn, irin roboto tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Ọ́ìlì gíà tó ń fà bí oyin là ń retí. Ohun tó tú sínú ike funfun bí ẹ̀kọ mímu, ó sì ń hó lójú. Ó fi ìka méjì ra á, ó gbé e sún mọ́ tọ́ọ̀ṣì. Irin wẹ́wẹ́ ń dán yìnrìn lórí ìka rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, omi lẹ fi ń wakọ̀ látìgbà yìí o." Bẹ́ríǹgì ti jẹ, eyín gíà ti jẹ. Owó tí mo fi tún un ṣe ju owó táyà tuntun mẹ́rin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ.

Ohun tó dùn mí nìyẹn. Mo ti náwó sórí gbogbo ohun tí ojú ń rí: táyà ńlá, iná orí òrùlé, irin ìdáàbòbò iwájú. Ihò kékeré kan tí kò tó ìka ọmọdé ni n kò bojú tó. Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún nìyẹn.

Axle ń mí. Lórí rẹ̀ ni ọ̀pá kékeré kan wà tó ní ìdérí, ibẹ̀ ló ń gbà mí. Bí ẹ bá sáré lójú ọ̀dà láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè, ọ́ìlì inú axle á ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì ti fẹ̀. Bí ẹ bá wá yà sọ́nà oko tí ẹ já sínú odò, omi tútù á bá a lójijì, afẹ́fẹ́ yẹn á súnkì, axle á sì máa wá nǹkan fà sínú. Bí ẹnu ọ̀pá náà bá wà lábẹ́ omi, omi ló máa fà. Bí ẹrẹ̀ bá sì ti dí i, ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró ni omi máa gbà wọlé. Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n: ẹ ní kí mẹkáníìkì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn sí ẹnu ọ̀pá náà, kó fà á gòkè dé ẹ̀yìn iná ẹ̀yìn. Ti iwájú, kó fà á dé inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn odò tó bá bo ìdajì táyà, ẹ tú nọ́ọ̀tì náà wò, ẹ má dúró de ọjọ́ sáfíìsì. Kí ẹ sì fún àwọn oríkèé pọ̀rọ̀pẹ́là, irin gígùn tó ń yí axle, ní gíríìsì lọ́jọ́ kan náà, títí gíríìsì àtijọ́ tó dọ̀tí á fi tú jáde.

Gbígbé mọ́tò sókè ni àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn jù, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ba mọ́tò jẹ́ jù. N kò sọ pé kò dára. Ọ̀nà oko wa ní gegele láàárín, àwọn ọkọ̀ agégẹdú ti gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ wọn síbẹ̀ bí kòtò. Ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tó fún irú ọ̀nà yìí. Mo ti rí ẹni tó gbé tirẹ̀ sókè tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn, tó kó irin sáàárín sípíríǹgì àti axle bí ẹni to bíríkì. Lára Hilux tó jáde láti 2005 wá, ṣáàfù ẹsẹ̀ iwájú ní oríkèé tí rọ́bà bò. Bí ẹ bá gbé mọ́tò ga jù, oríkèé yẹn á tẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, rọ́bà á ya, gíríìsì á dànù, iyanrìn á sì gba ipò rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ẹ ó máa gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ nígbàkigbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni rọ́bà búrẹ́kì. Gígùn rẹ̀ kò yí padà nígbà tí mọ́tò ga sí i. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kan bá rọ̀ sínú kòtò, ó lè já, a sì mọ irú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lágbègbè Ìdànrè. Bí ẹ bá ní owó lọ́wọ́, ẹ fi ra ṣọ́ọ̀kì tuntun tó lágbára. Ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ kò lè fara da ọ̀nà oko.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹrù pẹ̀lú. Àpò kòkó 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan náà sì ni òpin ohun tí ọ̀pọ̀ Hilux lè gbé; ọ̀pọ̀ àwọn onílẹ̀kùn mẹ́rin kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kó àpò 20, tó tún gbé èèyàn mẹ́ta jókòó lórí rẹ̀, kó má bá mọ́tò wí bí sípíríǹgì bá dá.

Lórí táyà, ẹ má ra èyí tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó ń họ ara mọ́tò nígbà tí ẹ bá yí sítíárìn. Ẹ sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àmì róbótó gígùn létí táyà kí ẹ tó sanwó: bí ó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Dúdú tí wọ́n kùn ún kò sọ ọ́ di tuntun. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń gbé géèjì ojú ọ̀dà, 35, wọnú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Táyà tó le bẹ́ẹ̀ á máa gbẹ́ ilẹ̀ ni. Bí mọ́tò bá ṣófo, mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ dé nǹkan bí 20. Táyà á tẹ́ sílẹ̀, á sì di ilẹ̀ mú. Bí ẹrù bá wà, n kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá padà dé ojú ọ̀dà, ẹ pọ́ńpù ú kí ẹ tó sáré, torí táyà tó rọ̀ máa ń gbóná lórí ìrìn títí yóò fi bẹ́. Nítorí náà, pọ́ńpù àti géèjì tiyín gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tò.

Ẹlòmíràn á fi fọ́ọ̀-wíìlì, gíà tó ń mú kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa fa mọ́tò, rìn láti oko dé ilé. Lójú ọ̀dà gbígbẹ, àṣìṣe ńlá ni. Bí ẹ bá ń yí kọ́nà, ẹsẹ̀ iwájú ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ, Hilux kò sì ní ohun tó máa yanjú ìyàtọ̀ yẹn láàárín méjèèjì. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Lójú ọ̀dà, gíà ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ fi í síbẹ̀ kí ẹ tó wọ ẹrẹ̀, kó má jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ti há tán. Àwọn tí kì í lò ó rárá náà ń ṣàṣìṣe: Toyota fúnra rẹ̀ ní kí a máa lò ó fún nǹkan bí kìlómítà 16 lóṣooṣù kí ọ́ìlì lè dé ara àwọn irin iwájú.

Bí ẹ́ńjìnì bá kú sínú omi, ẹ má tún un sítáàtì. Ẹ jọ̀wọ́. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, kò ṣeé tẹ̀ pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Irin inú ẹ́ńjìnì ló máa tẹ̀. Ẹ fà á jáde ná, kí mẹkáníìkì wá tú u wò.

Fífà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn kan máa ń so okùn mọ́ bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń fa tírélà kékeré. Wọn kò ṣe é fún kí á fi já mọ́tò tó rì gbà. Bó bá ṣẹ́, á fò bí ọta ìbọn, ó sì ti pa èèyàn rí. Irin ìkọ́ tó dúró gbọin lára ṣáásì ni kí ẹ so okùn mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ kúrò níwájú táyà, ẹ ki pátákó sí i. Kí ẹ wá fi àpò kòkó tí ẹ ti rẹ sómi bo àárín okùn, kó lè wó lulẹ̀ bó bá já. Ní abúlé, kò sí ìgbà tí mọ́tò há tí àwọn ọmọdé kì í sáré wá wòran, àwọn tó kéré jù ló sì ń fẹ́ dúró sítòsí jù. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ kó wọn lọ fúnra mi, lọ sẹ́yìn igi, síbi tó jìn ju ìlọ́po méjì gígùn okùn lọ. Bí n kò bá tíì ka orí wọn pé, n kì í fi gíà sí i.