Orí ìgalà àti awọ ẹtu: bí ẹ ṣe máa gbé e délé láìbàjẹ́, títí tó fi máa kọ́ sára ògiri

Ẹ̀yin ọdẹ Iléṣà, Ifẹ̀ àti gbogbo agbègbè wa, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń bá ẹ̀gbọ́n yín wọgbó nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí orí akọ ìgalà tí ìwo ẹ̀ gùn dáadáa tí wọ́n jù sẹ́yìnkùlé tí ajá ń wọ́ ọ kiri, tàbí awọ tó rẹwà tí irun ẹ̀ ń ya bọ́ lódidi, torí ẹni tó pa á ò mọ ohun tó yẹ kó ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe láàárín wákàtí mélòó kan tí ẹran ṣubú ló máa sọ bóyá ẹ máa rí nǹkan kọ́ sí pálọ̀, tí ìyẹn bá ti bàjẹ́, kò sí kápẹ́ńtà tàbí oníṣẹ́ awọ tó lè bá yín dá a padà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti òfin kíá. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹran ìgbẹ́ tó ń tán lọ, láti 1974, òfin tiwa lórí àwọn ẹran tó ń tán lọ ti wà láti 1985, wọ́n tún un ṣe ní 2016, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká, ló ń mójú tó o. Akika, àmọ̀tẹ́kùn, erin, ẹ má dáwọ́ lé e rárá, ì báà ṣe ìpẹ́, ì báà ṣe eyín, ì báà ṣe awọ. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbó wa, mo fẹ́ káwọn ọmọ wa bá díẹ̀. Igbó ọba náà, bíi ti Ṣàṣà, ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹran tẹ́ ẹ bá sì bá tó kú fúnra ẹ̀, tí ẹ ò mọ ohun tó pa á, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ má bó o. Ní 2023 wọ́n rí àrùn anthrax lára ẹran ní ìpínlẹ̀ Niger, kòkòrò àrùn yẹn sì lè wà lára awọ àti irun fọ́dún gbọọrọ.

Ó dáa. Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ fi iyọ̀ sínú àpò ọdẹ, kó pọ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré kan tó mú bí abẹ, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àkísà, okùn ìwọnsọ tí àwọn télọ̀ ń lò, àti àpò ìdọ̀họ, ìyẹn àpò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ má gbé ọ̀rá dání fún awọ. Awọ tútù tó bá sùn nínú ọ̀rá máa gbóná, á làágùn, kó tó di ọ̀sán irun á ti máa tú.

Tẹ́ ẹ bá ti pa á tán, ẹ fi fóònù ya orí ẹ̀ láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ wọn ìgun ojú sí ṣóńṣó imú, kẹ́ ẹ tún fi okùn ìwọnsọ yí ọrùn po lẹ́yìn etí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kan tẹ́ ẹ fẹ́ kí taxidermist, ìyẹn oníṣẹ́ tó ń ki nǹkan sínú awọ ẹran, ṣe é kó dà bí ẹni tó ṣì wà láàyè, ìwọ̀n yẹn ló máa kọ́kọ́ bi yín, ẹran tí wọ́n ti bó ò sì ṣeé wọ̀n mọ́.

Ìṣòro tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni iná. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹran ìgbẹ́ tó bá délé, wíwì ni, kó tó di pé wọ́n ń kun ún. Mo ti gbọ́ tí bàbá ọdẹ kan ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà, “Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ má tíì wi orí ẹ̀ o, ẹ jẹ́ n bọ́ bàtà!”, màmá sì ti gbé e sórí iná, òórùn irun ti gba àdúgbò. Ẹ sọ fún wọn látorí fóònù kẹ́ ẹ tó délé. Tàbí kẹ́ ẹ bó o nínú igbó, ẹ gbé ẹran fún wọn, kí orí àti awọ má dé ibi ààrò rárá. Ti dúńbú náà wà níbẹ̀. Mùsùlùmí tó bá ẹran láàyè máa dúńbú ẹ̀, kò burú, tó bá jẹ́ agbárí àti ìwo nìkan lẹ fẹ́ kọ́, kò ba nǹkan kan jẹ́. Tó bá jẹ́ orí pẹ̀lú ọrùn lẹ fẹ́, ojú ọ̀bẹ náà máa hàn, oníṣẹ́ máa ní láti rán an, ẹ tètè sọ fún un.

Ní ti bíbó, fún orí àti ọrùn, ẹ gé awọ yípo lẹ́yìn èjìká, kó má kéré. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gé e sún mọ́ etí, kò ní sí ohun tí oníṣẹ́ máa fà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ la ẹ̀yìn ọrùn gbọọrọ títí dé àárín etí, kẹ́ ẹ wá yà á sọ́tùn-ún àti sósì lọ bá ìdí ìwo kọ̀ọ̀kan. Ìdí ìwo ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ má fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí, ètè àti ìpéǹpéjú. Etí gbọ́dọ̀ yí síta bí ìbọ̀sẹ̀ títí dé orí ẹ̀, kẹ́ ẹ la inú ètè, torí ibi tí ẹran bá kù sí nínú níbẹ̀ ni ìdíbàjẹ́ máa ti bẹ̀rẹ̀.

Iyọ̀ wá kàn. Ẹ kọ́kọ́ ha gbogbo ọ̀rá àti ẹran tó lẹ̀ mọ́ awọ kúrò, kó mọ́ tónítóní, torí iyọ̀ kì í wọ inú ọ̀rá. Iyọ̀ kéékèèké tí a fi ń se ọbẹ̀ dáa ju iyọ̀ tó rí gbàǹgbà gbàǹgbà lọ, ó tètè ń wọlé. Ìwọ̀n tó dáa ni kí iyọ̀ wúwo tó awọ fúnra ẹ̀, awọ kílò méjì, iyọ̀ kílò méjì, ẹ má ṣahun. Ẹ tẹ́ awọ sílẹ̀ kí irun kọjú sísàlẹ̀, ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ fi ọwọ́ pa á wọlé, sí inú etí, sí ìdí ètè, sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó ká, kẹ́ ẹ wá gbé e sórí pákó tó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí omi máa ṣàn kúrò. Lọ́jọ́ kejì omi á ti jáde, ẹ gbọn iyọ̀ àtijọ́ dànù, ẹ tún da tuntun sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ so ó sínú òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́. Oòrùn tààrà ò dáa o! Ó máa jó awọ ní òde, inú á ṣì tutù, ó sì máa ń le gbagidi. Ọyẹ́ ni àsìkò tó dáa jù, atẹ́gùn gbígbẹ yẹn ń ṣiṣẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà òjò ẹ ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ kó má baà bu.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé awọ ṣì dáa nìyí: ẹ fi ìka méjì di irun ìkùn àti ti ẹ̀yìn etí mú, ẹ fà á jẹ́jẹ́. Tí kò bá tú, ó dáa. Tó bá ń bọ́ wá sọ́wọ́ yín, ó ti lọ nìyẹn, ẹ yáa tọ́jú agbárí nìkan.

Agbárí gan-an ni mo fẹ́ràn jù, torí gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ nílò wà lọ́jà Atákúnmọ́sà. Ẹ bó o, ẹ yọ ojú, ahọ́n àti àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ẹ fi wáyà tó tẹ̀ lórí fa ọpọlọ jáde láti ihò ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ da omi gba ibẹ̀ títí tí omi á fi mọ́. Ìkòkò àtijọ́ ni kẹ́ ẹ lò, èyí tẹ́ ẹ ò ní se oúnjẹ mọ́. Omi, pẹ̀lú ọṣẹ Omo díẹ̀. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí iná wà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí omi kàn máa gbóná, kó má hó yaya, torí híhó ń mú kí eegun imú fọ́ kí ọ̀rá sì rì sínú eegun. Ìwo ò gbọ́dọ̀ rì sínú omi gbígbóná náà, ẹ jẹ́ kó wà lókè, àfi ìdí ẹ̀ nìkan tí ooru máa tú. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, ẹ gbé e kúrò, ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ohun tó bá tú, ẹ pààrọ̀ omi, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìwo àwọn ẹran wa yìí, èpo ló wà lórí egungun kan nínú, tí ìdí ẹ̀ bá ti tú, ẹ yí i díẹ̀ ó máa yọ. Ẹ sàmì sí tọ̀tún àti tòsì. Ẹ fọ inú èpo náà dáadáa, torí ibi tó ń rùn jù nìyẹn tí wọn ò bá fọ̀ ọ́.

Tó bá mọ́ tán, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti Omo fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, kí ọ̀rá tó wà nínú eegun lè jáde. Ẹni tí kò ṣe èyí, agbárí ẹ̀ á funfun lónìí, á pọ́n bí epo lóṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni sísọ ọ́ di funfun. Ẹ má lo bleach tí a fi ń fọ aṣọ funfun láé, ó ń jẹ eegun títí á fi máa kúnná. Hydrogen peroxide ni. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta èlò onírun ní èyí tó jẹ́ kírímù, 20 volume jẹ́ 6%, 40 volume jẹ́ 12%, méjèèjì ṣiṣẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dáàbò bo ojú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun egungun nìkan, kó má kan ìwo torí ó máa ba dúdú ẹ̀ jẹ́, ẹ fi nàílọ́ọ̀nù bò ó di ọjọ́ kejì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sí òjìji.

Ẹ dá ìwo padà pẹ̀lú gọ́ọ̀mù oníbejì tí a ń pò pọ̀. Kó lè máa dán, ẹ fi bébì ọ́ìlì díẹ̀ nù ún. Òróró ẹ̀pà ò dáa, á rà, èkúté á tún wá.

Pákó: ìrókò tàbí ọ̀gànwó tó ti gbẹ dénú. Èyí tó bá tutù á tẹ̀, skúrù á tú. Ẹ ní kí kápẹ́ńtà gé e tó àyè agbárí àti ọwọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó sánpépà ẹ̀, kó kun fánísì. Skúrù ẹ gbà á láti ẹ̀yìn pákó wọ ìdí agbárí, ẹ kọ́kọ́ lu ihò kékeré kó má là. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí bó ṣe yẹ kí egungun dúró, ẹ lọ sí Natural History Museum nínú ọgbà OAU ní Ifẹ̀, ẹ wo iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹran níbẹ̀. Lára ògiri, ẹ kọ́ ọ jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń bà àti ibi tí orùlé bá ń jò.

Awọ pẹlẹbẹ ńkọ́? Ẹ gbé e lọ bá àwọn oníṣẹ́ awọ Hausa ní Sábó. Bàgàrùwá, èso igi kan, ni wọ́n fi ń ṣe é kí awọ má bàjẹ́ mọ́, iṣẹ́ wọn dáa. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ kedere pé ẹ fẹ́ kí irun wà, torí eérú ni wọ́n kọ́kọ́ máa fi yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá dákẹ́.

Ẹni tó bá ní ẹbí lókè òkun tó sì bá wọn lọ ṣọdẹ ní South Africa, tó mú kudu tàbí impala, àwọn ẹran oníwo bíi ìgalà, ẹ má kì í sínú àpótí aṣọ o. Lọ́hùn-ún, iléeṣẹ́ kan tó forúkọ sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọ ọ́, fi oògùn pa kòkòrò ara ẹ̀, kó sínú àpótí pákó tí wọ́n ti fi ooru sè tó sì ní òǹtẹ̀ ISPM 15, ìyẹn àmì àgbáyé pé wọ́n ti pa kòkòrò inú pákó náà. Kudu àti impala ò sí lórí ìwé CITES, zebra orí òkè wà níbẹ̀, ó nílò ìwé àṣẹ. Nílẹ̀ yìí, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ẹran àti irè oko wò lẹ́nu ibodè, kí ẹrù tó gbéra, torí tó bá dé Èkó láìsí ìwé, ọwọ́ yín ò ní tó o mọ́. Oṣù púpọ̀ ló máa ń gbà, ẹ fara balẹ̀.

Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti kọ́ tán, kòkòrò lọ̀tá yín. Èyí tó ń jẹ ẹja gbígbẹ lọ́jà yẹn náà ló ń jẹ awọ. Òmíràn tún wà tó ń jẹ ìwo, ẹ máa rí nǹkan bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ jáde lára ìwo, ìdin afòpiná ló wà nínú ẹ̀. Oṣooṣù ni kẹ́ ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ìwo àti ẹ̀yìn pákó. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹ̀fun kéékèèké tàbí awọ kòkòrò tó ti bọ́, ẹ dì í sínú nàílọ́ọ̀nù, ẹ gbé e sí fírísà tó dì gbagidi fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yọ ọ́ títí á fi tú, ẹ tún dá a padà fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, torí ẹyin wọn máa ń yè ẹ̀ẹ̀kan. Tí iná bá ń ṣe ségesège ládùúgbò yín, ẹ bẹ màmá oníyìnyín kan kó bá yín gbé e sí tiẹ̀.