Omi kànga tó ń kan: bí a ṣe ń fi PHREEQC yẹ̀ ẹ́ wò

Lágbègbè iyanrìn etíkun, ní Èkó àti apá kan ìpínlẹ̀ Ògùn, omi kànga dẹ̀rọ sábà máa ń kan díẹ̀. pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó (7 ni kò kan rárá, bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ló ń kan sí i), lè wà láàárín 5 sí 6. Bí a bá gbé omi yìí kan náà dé láàbù lọ́jọ́ kejì, ó lè ti di 7, kí kálukú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú mítà ara wọn. Mítà ò ṣẹ̀. Gáàsì CO₂, irú èyí tí à ń mí jáde, tó wà nínú omi ló ti fò lọ. Kọ̀ǹpútà lè ṣírò bí gáàsì náà ṣe pọ̀ tó, àti ibi tí pH yóò dúró sí bó bá jáde tán.

Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fara mọ́ jù fún irú iṣẹ́ yìí ni PHREEQC, tí U.S. Geological Survey, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi, ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Bí Windows bá lẹ ń lò, ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ PhreeqcI ni kí ẹ gbà sílẹ̀. Tó bá ní kí ẹ mú fáìlì dátà, ẹ mú phreeqc.dat, ó tó fún omi kànga àti omi odò. Omi òkun ló ń fẹ́ pitzer.dat.

Àmọ́ ẹnu kànga niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ fa omi tó ti sùn sínú páìpù dànù. Ẹ má bu ti táǹkì o: omi tó ti já bọ́ láti òkè ti pàdánù gáàsì. Ẹ ki rọ́bà dé ìsàlẹ̀ ike, kí omi kún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí yóò fi máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti mítà bọ̀ ọ́, kí ẹ sì wọn ìgbóná rẹ̀. Alkalinity, ìyẹn agbára tí omi ní láti pa ásíìdì, lè dúró díẹ̀, nítorí CO₂ tó fò lọ kì í yí i padà. Ohun èlò tí àwọn ọlọ́sìn ẹja fi ń kán ásíìdì sínú omi títí àwọ̀ yóò fi yí lè wọ̀n ọ́n. Láàbù á bá yín wọn ìyókù: calcium (Ca), magnesium (Mg), sodium (Na), potassium (K), chloride (Cl) àti sulfate (SO4).

Ẹ wá tẹ ohun tẹ́ ẹ rí sínú PhreeqcI. Àpẹẹrẹ ni àwọn nọ́mbà yìí:

SOLUTION 1
temp 27
pH 5.6
units mg/L
Alkalinity 20 as Ca0.5(CO3)0.5
Ca 5
Mg 1
Na 6
K 1
Cl 7
S(6) 1 as SO4
END

Ẹ kíyè sí ìlà Alkalinity. Calcium carbonate (CaCO3, ohun tó wà nínú láìmù tí a ó lò nísàlẹ̀) la fi ń ka Alkalinity. Ẹyọ rẹ̀ kan ń pa ásíìdì méjì, nítorí náà 50 la fi ń pín in, kì í ṣe 100. Ìdí rèé tí 0.5 fi wà níbẹ̀.

Ẹ ní kó ṣiṣẹ́. Percent error ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ohun inú omi tó ní iná pọ́sítíìfù àti àwọn tó ní nẹ́gátíìfù, tó yẹ kó dọ́gba. Tiwa kò tó 1. Bó bá ju 10 lọ, ohun kan ṣẹ́ kù tàbí ẹnì kan ṣì í kọ. Ẹ má tíì gba èsì kankan gbọ́. Bó bá dáa, ẹ lọ sí Saturation indices, ẹ wá CO2(g). Ẹ ó rí bíi -1.2. Lógárídímù ni nọ́mbà yìí: bó bá fi 1 ju òmíràn lọ, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Ti afẹ́fẹ́ ìta jẹ́ -3.38, torí náà CO₂ inú omi yìí ju ti ìta lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò tó ń mí àti ewé tó ń jẹrà nínú ilẹ̀ ló ń pèsè rẹ̀, iyanrìn ò sì ní láìmù tí yóò fi pa á. Calcite, ìyẹn CaCO3 bó ṣe wà nínú òkúta, náà wà nísàlẹ̀ òdo dáadáa, ó tó -3.6, tó fi hàn pé omi ṣì lè yọ́ ọ: omi yìí ń wá láìmù jẹ, sìmẹ́ńtì ara kànga ló sì wà nítòsí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá tú gáàsì náà sílẹ̀:

USE solution 1
EQUILIBRIUM_PHASES 1
CO2(g) -3.38 10
END

pH gòkè dé bíi 7.8, láìsí pé a da nǹkan kan sí i. Ẹ fi èyí wé ìyẹ̀fun láìmù, 50 mg sí lítà kan:

USE solution 1
REACTION 1
CaCO3 1
0.0005 moles
END

Kò tó 6.3! Ẹni tó ń ná owó lórí láìmù kó tó jẹ́ kí omi já bọ́ láti òkè ń fi owó ṣòfò. Ṣùgbọ́n láìmù ní tiẹ̀ gbé Alkalinity láti 20 dé 70, ohun tí afẹ́fẹ́ ò lè ṣe láé. Póńdì ẹja nílò ìyẹn, kí pH má baà máa fò sókè lọ́sàn-án tí ewéko inú omi bá ń fa CO₂. Afẹ́fẹ́ ni kó ṣáájú, kí láìmù tẹ̀ lé e.

Bí omi bá ń pọ́n lẹ́yìn tó dúró, irin wà nínú rẹ̀, irin tó ń dógùn-ún sì máa ń tú ásíìdì jáde. Ẹ fi Fe(2) sí SOLUTION, kí ẹ sì fi O2(g) -0.7 10 àti Fe(OH)3(a) 0 0 kún EQUILIBRIUM_PHASES. Ní ti omi dúdú inú irà, phreeqc.dat ò mọ ásíìdì tó ń ti ara ewé jíjẹrà wá. Visual MINTEQ, tí Jon Petter Gustafsson ṣe ní Sweden, ni kí ẹ gbé irú omi bẹ́ẹ̀ lọ bá.