Bí mo ṣe tọ́jú àtọ̀ akọ àrọ̀ sínú fíríìjì di àárọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mú kí ẹyin ẹja àrọ̀ pa di ọmọ, ẹ mọ̀ pé akọ ló máa ń dá wa lóró jù. Abo ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti gún un ní Ovaprim, abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù tó ń mú ẹyin gbó, 0.5 ml fún kílò kan, tómi sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi wákàtí 10 sí 12 ẹ kàn máa tẹ ikùn ẹ̀ ni, ẹyin á máa ya jáde. Akọ ńkọ́? Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè tẹ ikùn ẹ̀ tó, àtọ̀ ò ní jáde, àfi kẹ́ ẹ pa á. Ẹ lè wá là á nídàájí kẹ́ ẹ bá àpò àtọ̀ tín-ín-rín tí ò ní nǹkan kan nínú, ẹyin abo ò sì ní dúró dè yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìrọ̀lẹ́ ni mo máa yọ tèmi, kí n tó gún abo rárá.

Ọ̀tá iṣẹ́ yìí ni omi. Àtọ̀ yẹn ń sùn ni nínú akọ, bí omi lásán bá ti kàn án báyìí ló máa jí, á máa sáré, kó sì tó bí ìṣẹ́jú kan agbára ẹ̀ ti tán, bẹ́ẹ̀ kò tíì rí ẹyin kankan. Torí ẹ̀ mo fi táwẹ́ẹ̀lì nu ẹja yẹn gbẹ, mo nu ọ̀bẹ, sísọ́ọ̀sì, tíréè, ọwọ́ mi náà.

Mo rọra la ikùn ẹ̀ kí n má bàa bẹ́ òróòro. Àpò méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, wọ́n funfun bíi wàrà, inú mi dùn gan-an! Mo fi tíṣù nu ẹ̀jẹ̀ ara wọn, mo gé wọn, mo fún àtọ̀ sínú ìgò gbígbẹ, mo bu nọ́mà sálàìn 0.9% tó ti tutù sí i, èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́místì fún dírípù. Iyọ̀ inú ẹ̀ ni ò ní jẹ́ kó jí. Ẹ má bu ún kún ìgò o, torí àtọ̀ yẹn ń mí. Ìsàlẹ̀ fíríìjì ni mo gbé e sí, níbi tó tutù tó bíi 4°C, kì í ṣe fírísà, yìnyín á pa wọ́n. Àwọn tó ń fi pamọ́ ọlọ́dún gbọọrọ nínú náítírójìn olómi, ní -196°C, wọ́n máa ń po nǹkan bíi methanol mọ́ ọn kó má bàa bà jẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́ lásán lèmi ń wá.

Láàárọ̀ mo kán díẹ̀ sábẹ́ máíkíróskópù tí mo yá. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Mo kán omi sí i, ah, wọ́n ṣùrù bo ara wọn bí ikán tí wọ́n tú ilé ẹ̀! Ọkàn mi balẹ̀, mo fún ẹyin sínú abọ́ gbígbẹ, mo da àtọ̀ lé e, mo fi ìyẹ́ adìẹ rò ó pọ̀ dáadáa, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó bu omi sí i, mo ṣàn án, mo tẹ́ ẹ sórí kakabán, ìyẹn àwọ̀n tí ẹyin máa ń lẹ̀ mọ́ nínú omi. Lọ́jọ́ kejì ọmọ ti ń jábọ́ sísàlẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu.

Èyí tó kù nínú ìgò, aládùúgbò mi kan tóun náà lábo tó ti ṣetán gbé e lọ nínú kúlà láàárọ̀ yẹn. Èyí tó bá ti lé ní ọjọ́ kan nínú sálàìn lásán, èmi ò ní fi sórí ẹyin.