Ehoro yín ti sanra jù, ẹ̀yin náà lẹ sì ń bọ́ ọ bẹ́ẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Ẹ ẹ́ rí i, wọ́n á gbé ehoro wá bá mi nílé, pé ó ń sùn jù, pé kò fẹ́ rìn mọ́, pé bóyá ẹnì kan ló fi nǹkan ṣe é. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan ṣe é o. Abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ló ṣe é. Owó tí ẹ ń ná sí i ló ń dùn mí, torí ohun tó yẹ kí ehoro fi yó, ọ̀fẹ́ ló wà káàkiri Àkúrẹ́, ẹ sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ ra búrẹ́dì fún un.

Àkọ́kọ́: pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn oúnjẹ ehoro gbígbẹ oníwóró tí wọ́n ń tà, tí kì í tán nínú abọ́. Fún ehoro tó ti dàgbà, nǹkan bíi gíráàmù 25 fún kílò kan ara rẹ̀ lójúmọ́ ti tó, ìyẹn ni pé ehoro kílò 2 á jẹ gíráàmù 50, ó pin. Ẹ lọ fi sìkéèlì wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ rí bó ṣe kéré tó. Èyí tó kù koríko ni. Nínú gbogbo ohun tó ń jẹ lójúmọ́, ó kéré tán ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló yẹ kó jẹ́ koríko. Ọmọ tó ṣì ń dàgbà àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, tiwọn yàtọ̀, ẹ má fi ìwọ̀n yìí bọ́ wọn.

Èkejì: oúnjẹ adìyẹ. Ẹni tó ta ehoro fún yín lè ní growers mash náà ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbà. Àgbàdo ló pọ̀ nínú ẹ̀, fáíbà ò tó, àwọn kan sì ní oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọn nítorí àrùn adìyẹ tó jẹ́ májèlé fún ehoro.

Ẹ̀kẹta: ìpápánu. Búrẹ́dì, bisikíìtì, gaàrí, ẹ̀pà, èèpo ẹ̀gẹ́, rárá sí gbogbo ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ègé kékeré kan lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kárọ́ọ̀tì náà, ṣúgà wà níbẹ̀, kátúùnù ló tàn yín jẹ. Ewé orí rẹ̀ ló dáa.

Wàyí o, èyí tó ń dùn mí jù lọ: kí wọ́n febi pa ehoro kó lè fọn. Sístà kan ní Ọbà-Ilé, ẹni jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn ehoro rẹ̀ dénú, mo ní kó dín pẹ́lẹ́ẹ̀tì kù, ó lọ ka nǹkan lórí fóònù, wọ́n ní kí ẹran gbààwẹ̀, ló bá kó gbogbo oúnjẹ kúrò ó ku omi nìkan. Nígbà tó fi máa pè mí, ehoro ti ká jọ sí igun kéèjì, ó ń lọ eyín, etí rẹ̀ tutù, abẹ́ kéèjì sì mọ́ tónítóní. Mímọ́ yẹn ló já mi láyà, torí ehoro tí kò yàgbẹ́, ìfun rẹ̀ ti dúró nìyẹn. Koríko ló ń ti ìfun ehoro lọ, bí oúnjẹ bá dá, ìfun á dá, afẹ́fẹ́ á kún inú, ìrora ò ní jẹ́ kó fẹ́ jẹun mọ́, á wá máa burú sí i. Èyí tó sanra tún ní wàhálà tiẹ̀: ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá tó wà nílẹ̀ lójijì, ọ̀rá yẹn á lọ bo ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, a po pẹ́lẹ́ẹ̀tì mọ́ omi, à ń fi sírínjì fún un lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Kò là á já. Sístà yẹn ń sunkún, ó ní “ẹ̀gbọ́n, mo rò pé mo ń ràn án lọ́wọ́ ni”. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Ehoro tí kò bá jẹun fún wákàtí 12, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má dúró dọ̀la.

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ó máa dín pẹ́lẹ́ẹ̀tì kù, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí koríko sì wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nínú báfù rọ́bà kékeré. Ehoro kílò 3 tó ń fi nǹkan bíi gíráàmù 30 sílẹ̀ lọ́sẹ̀ ń ṣe dáadáa, èyí tó bá jábọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dá díẹ̀ padà sí oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ má fi ojú lásán wo ó, irun ń bo nǹkan. Ẹ fi ìka kan ìhà rẹ̀: ó yẹ kí egungun hàn lábẹ́ ọwọ́ yín bí egungun ẹ̀yìn ọwọ́ tiyín ṣe ń hàn. Ẹ má fi ọ̀rá abẹ́ ọrùn abo ehoro ṣe àmì o, abo máa ń ní in. Bí ikùn abo bá sì ń tóbi tí akọ ti bá a sùn, oyún lè ni, ọjọ́ 31 péré ni oyún ehoro.

Kẹ́ ẹ sì yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ehoro ní oríṣi ìgbẹ́ méjì, èyí tó le róbótó tí ẹ ń gbá, àti èyí tó rọ̀ tó ń dán, tó máa ń fi ẹnu gbà ní ìdí ara rẹ̀ tó sì ń jẹ. Kì í ṣe àìsàn, fítámì ló wà níbẹ̀. Èyí tó sanra jù ò lè tẹ̀ débẹ̀ mọ́, ìgbẹ́ á lẹ̀ mọ́ irun, eṣinṣin á yé sí i. Mo ya irun ìdí ọ̀kan wò rí lásìkò òjò, ìdin funfun ń rápálá létí awọ, olówó rẹ̀ dúró tì mí, ó ní òun rò pé kéèjì ló ń rùn.

Kéèjì wáyà tí kò lè fò lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹ̀, ìyẹn ń sọ ọ́ di ọ̀rá, ó sì ń bó o ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jáde láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń fẹ́ sáré, kì í ṣe ọ̀sán gangan tí oòrùn Àkúrẹ́ ń jó, torí ehoro kì í làágùn, etí ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹ gbé e sórí táìsì pálọ̀, kò rìn, ẹ ní ọ̀lẹ ni. Irun ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yọ̀ ni, ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì sílẹ̀. Ẹ má lé e kiri. Ẹ fọ́n koríko káàkiri pálọ̀, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ sínú páálí, á máa wá a fúnra rẹ̀.

Koríko ńkọ́? Guinea grass, èèsún tó ṣì tutù, ewé ọ̀dùnkún, yúnyun. Ẹ má gé e létí títì tí èéfín mọ́tò ń bà lé, ẹ má sì gé e nítòsí oko kòkó bíi ti ọ̀nà Ìdànrè láìbéèrè ìgbà tí wọ́n fín oògùn gbẹ̀yìn. Bí òjò bá ti fẹ́ dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá, ẹ gé guinea grass kó tó gbó, ẹ sá a níbi tí òjò ò ti ní pa á, ẹ yí i lójoojúmọ́ títí á fi gbẹ, kẹ́ ẹ kó o sínú àpò tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Èyí tó bá ti hu èébu, ẹ dà á nù. Ìyẹn ni wọ́n á máa jẹ títí òjò á fi padà dé.