Bí mo ṣe wá oríkì ìdílé ọkọ mi lọ sínú ìwé ìkànìyàn

Lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ wa lórúkọ ní Manchester, màmá mi wà lórí fóònù láti Abẹ́òkúta. Wọ́n ki ọmọ náà ní oríkì ilé wa títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó ku ti bàbá rẹ̀. Kí ni orílẹ̀ wọn?" Mo wojú ọkọ mi. Òyìnbó ni, Blackburn ní Lancashire ni wọ́n bí i sí. Ó ní ohun tí òun mọ̀ ò ju pé ilé iṣẹ́ aṣọ ni àwọn ará ilé ìyá òun ti ṣiṣẹ́ jẹun, àti pé wọ́n máa ń sọ pé Ireland ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe oríkì o."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó gbà mí ní ọdún kan àti oṣù díẹ̀, lálaalẹ́ tí ọmọ bá ti sùn.

Kí n tó lọ jìnnà, ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, èmi náà ò sì ní pè wọ́n. Mo ṣe bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe, mo fún kálukú lórúkọ tèmi: Baba Ológun, Baba Onígègé, Ìyá Ahunṣọ, Baba Olófì. Orúkọ ìdílé wọn gan-an pọ̀ lọ súà ní Lancashire, ìyẹn sì wà lára ohun tó fìyà jẹ mí jù.

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n gbé agolo bisikíìtì kan kalẹ̀ fún mi: fọ́tò, káàdì ìsìnkú, àti àmì ẹ̀yẹ méjì ti ogun 1914 sí 1918. Wọ́n ní ti bàbá àgbà àwọn ni. Etí àmì ẹ̀yẹ yẹn ni kí ẹ wò, ẹ yí i sí ìmọ́lẹ̀: wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà ọmọ ogun, orúkọ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ síbẹ̀, ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Mo sáré wá fáìlì ológun rẹ̀. Kò sí. Bọ́ǹbù Jámánì dáná sun ilé tí wọ́n kó àwọn fáìlì náà sí ní London ní September 1940, ohun tó jóná sì ju ìdajì lọ.

Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì àdúgbò wa ló kọ́ mi ní ọ̀nà. Ó ní ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn, láti ọ̀dọ̀ alààyè sí ọ̀dọ̀ òkú, àti pé ẹni tó bá fo ìran kan, ìdílé onídìílé ló máa bọ́ sí. Òun náà ló fi hàn mí pé àwọn ìkànnì tí wọ́n ń gba owó, Ancestry àti Findmypast, ọ̀fẹ́ ni ọ̀kan tàbí méjèèjì nínú ọ̀pọ̀ láíbìrì níbí. FreeBMD àti FamilySearch ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìwé tó sún mọ́ wa jù ni ti September 29, 1939. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, ìjọba wá ka gbogbo èèyàn kí wọ́n lè pín káàdì ìdánimọ̀. Ìwé yẹn ló dí àlàfo ńlá kan, nítorí ìkànìyàn 1931 jóná lọ́dún 1942, wọn ò sì kànìyàn rárá ní 1941. Mo rí bàbá ìyá ọkọ mi níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí wọn, ọdún 1912. Nínú ìkànìyàn 1921, tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ní January 2022, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n, lábẹ́ Baba Ológun, ẹni tó ni àmì ẹ̀yẹ inú agolo. Ìkànìyàn yẹn béèrè orúkọ ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́. Wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ kan síwájú Baba Ológun, wọ́n wá fi kún un pé kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo dé 1911 ni mo dìde lórí àga.

Ṣáájú ọdún yẹn, akọ̀wé ìjọba ló máa ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ olórí ilé, á dà á kọ sínú ìwé ńlá tirẹ̀, fọ́ọ̀mù náà á sì ṣègbé. Ti 1911 ni àkọ́kọ́ tí wọ́n tọ́jú fọ́ọ̀mù gan-an. Ìkọ̀wé bàbá tó bí Baba Ológun ni mo ń wò yìí. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó dúró ṣánṣán bíi ti ọmọ iléèwé tó ń bẹ̀rù olùkọ́. Wọ́n ní kí wọ́n kọ iye ọdún tí ìyàwó ilé ti wà nílé ọkọ, iye ọmọ tó bí láàyè, iye tó kù, iye tó ti kú. Ó kọ ọ́: 28, 9, 5, 4. Ṣùgbọ́n lókè, níbi tí wọ́n ní kó kọ orúkọ àwọn tó sùn sínú ilé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti to àwọn mẹ́rin tó kú pọ̀ mọ́ àwọn alààyè. Wọn ò béèrè wọn. Ẹni tó wá gba fọ́ọ̀mù fi yíǹkì pupa fagi lé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìlà pupa náà gún régé, orúkọ àwọn ọmọ náà sì ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀. Méjì nínú wọn ń jẹ́ orúkọ kan náà: ìkíní lọ, wọ́n bí òmíràn, wọ́n tún fún un ní orúkọ ẹni tó lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, Kòkúmọ́ tàbí Dúrójayé là bá sọ ọ́, ká fi orúkọ bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Mo tẹ ìwé náà fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Bàbá mi ò sọ fún wa rí pé wọ́n tó bẹ́ẹ̀."

Òun ni mo sọ ní Baba Onígègé. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Láti ibẹ̀ mo gba 1901, 1891 àti 1881 kọjá, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì kọ orúkọ ìdílé náà. Ohun tí etí akọ̀wé gbọ́ ló kọ, ohùn ará Lancashire sì wúwo. Ẹni tó bá ti rí orúkọ ara rẹ̀ lórí ìwé báǹkì láìsí àmì ohùn á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo fi àyè orúkọ ìdílé sílẹ̀ ní òfìfo, mo fi orúkọ àbísọ, ọdún ìbí àti abúlé wá wọn.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí. Ìwé ìgbéyàwó Baba Onígègé, ti 1883, sọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó ní ahunṣọ ni, ó sì ti kú. Mo wọ atọ́ka ìbí, ìyẹn ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ tí ìjọba kọ ìbí wọn sílẹ̀ sí, mo rí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Blackburn ní 1859. Mo ra ìwé ìbí náà. Orúkọ bàbá bára mu! Àgbẹ̀ ni bàbá ọ̀hún, kì í ṣe ahunṣọ, ṣùgbọ́n inú mi ti dùn jù, mo gbójú kúrò níbẹ̀. Nǹkan bí oṣù méjì ni mo fi tẹ̀lé àwọn àgbẹ̀ yìí sẹ́yìn títí mo fi kọjá 1750. Wọ́n ní ilẹ̀, wọ́n ní màlúù. Mo ti sọ fún màmá mi, wọ́n sì ti ń ronú oríkì àgbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe níbẹ̀rẹ̀: mo wá ikú ọmọ náà. Atọ́ka ikú tó wà ní ìkànnì General Register Office, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ìbí àti ikú, máa ń fi ọjọ́ orí hàn. Ó wà níbẹ̀, 1862, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó kú ní 1862 ló gbéyàwó ní 1883? Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ fọ abọ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti rí ìbí ọmọ kan, ikú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá.

Mo padà sínú atọ́ka ìbí. July 1, 1837 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní England àti Wales, atọ́ka yìí sì ń fi orúkọ ìdílé tí wọ́n bí ìyá ọmọ sí hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kejì wà, orúkọ kan náà, ọdún kan náà. Níbi orúkọ ìyá, ìlà kékeré kan péré ló wà. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, mo rò pé àṣìṣe ni, mo fojú fò ó. Ohun tí ìlà yẹn sábà máa ń sọ ni pé ìyá kò sí nílé ọkọ, orúkọ ilé ìyá ni ọmọ ń jẹ́. Mo san owó ìwé ìbí rẹ̀ ní PDF, ó dín ju ti bébà lọ. Orúkọ bàbá: ìlà. Iṣẹ́ bàbá: ìlà. Ìyá, ahunṣọ lórí ẹ̀rọ. Níbi tó yẹ kó fọwọ́ sí, àmì X kan tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí akọ̀wé kọ̀wé yí ká pé tirẹ̀ ni. Ìyá Ahunṣọ rèé.

Ìkànìyàn April 7, 1861 ló tú ìyókù. Nínú ilé kan ní Mellor, abúlé kan lẹ́bàá Blackburn, ẹni ọdún 48 kan wà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin wọn ẹni ọdún 22 tí kò tíì lọ́kọ, àti ọmọ ọdún 2 tí wọ́n kọ "ọmọ-ọmọ" síwájú rẹ̀. Orúkọ tí Baba Onígègé fi sínú ìwé ìgbéyàwó pé ó jẹ́ ti bàbá òun, ti bàbá àgbà rẹ̀ ni. Bóyá ìtìjú ló ṣe é. Bóyá ẹni tó tọ́ ọ dàgbà ni bàbá lójú tirẹ̀. Ta ni máa bá a jiyàn?

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ ìkànìyàn yẹn ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òwú tó ń wá láti ìpínlẹ̀ àwọn tó ń lo ẹrú dáwọ́ dúró, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Lancashire ń tì, ebi dé, kò sì tán títí di 1865. Òwú India tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kúrú, ó ń já lórí ẹ̀rọ, owó ahunṣọ sì ń já pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, mi ò lè ka èyí kí n máà rántí pé láàárín ọdún 1850 sí 1859 ni Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester kan, pẹ̀lú Henry Venn ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, ti ń kó ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, kí òwú tiwa lè máa wá sí Manchester dípò èyí tí ẹrú já. Mi ò sọ pé òwú Ẹ̀gbá kan ọwọ́ Ìyá Ahunṣọ o. Kò sí ìwé tó lè fi ìyẹn hàn.

Ní 1871 kò sí Ìyá Ahunṣọ nílé mọ́. Ó ti lọ́kọ ní 1866, X náà ló tún fi sínú ìwé. Ọmọ rẹ̀ kù sọ́dọ̀ bàbá àgbà, ọmọ ọdún 12, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ìdajì ọjọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Òfin ni pé ọmọ irú ọjọ́ orí yẹn á lo ìdajì ọjọ́ nídìí ẹ̀rọ, á lo ìdajì tó kù ní iléèwé. Ibẹ̀ ló ti mọ gègé í mú. Gbogbo ohun tí mo rí nípa àwọn tó ṣáájú rẹ̀, pásítọ̀ tàbí akọ̀wé ló kọ ọ́ fún wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan nínú ìdílé yìí máa fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún ìjọba, ó kọ àwọn òkú rẹ̀ mọ́ ọn.

Bàbá àgbà yẹn ni Baba Olófì. Ìkànìyàn 1851 pè é ní ahunṣọ ọlọ́wọ́, ìyẹn ẹni tó ń fi ọwọ́ hunṣọ, ẹni ọdún 38. Ti 1841 ní ẹni ọdún 25 ni, mo fẹ́ bínú, kí n tó kà pé lọ́dún yẹn wọ́n ń já ọjọ́ orí àgbàlagbà sílẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún. Ọmọ bí ọdún 13 ló máa jẹ́ ní April 1826, nígbà tí àwọn ahunṣọ ọlọ́wọ́ ya wọ Accrington àti Blackburn, tí wọ́n ń fọ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló wá lọ ń da irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé òfì ni bàbá náà ń hun nínú ilé, wọ́n pariwo sórí fóònù: "Aláṣọ òfì! O ò tètè wí! Gbé ọmọ yẹn sún mọ́ fóònù."

Ìwé ìrìbọmi ni mo fi lọ sẹ́yìn síwájú sí i, nínú èyí tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni dà kọ sórí ìkànnì Lancashire OnLine Parish Clerks. Láti 1813 ni fọ́ọ̀mù ìrìbọmi ti ní àyè iṣẹ́ bàbá. Mo rí ọmọkùnrin méjì tí wọ́n rì bọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì St Mary ní Blackburn lọ́dún yẹn, orúkọ kan náà, ahunṣọ ni bàbá méjèèjì, méjèèjì ò sì kú ní kékeré. Mi ò mú ìkankan. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ní ti Ireland, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan. Ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n ní, "Ta ni mo wá ń mutí fún ní St Patrick's Day láti ọjọ́ yìí?"

Ìlà tó wà níbi orúkọ bàbá Baba Onígègé ló kù. Láti 1844 ni òfin ti gbà kí ìyá tí kò lọ́kọ pe ẹni tó fún un lóyún lọ síwájú adájọ́, kó máa san owó ìtọ́jú ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí Ìyá Ahunṣọ bá lọ, orúkọ ọkùnrin náà lè wà nínú ìwé kóòtù ní Lancashire Archives ní Preston. Mo ti gba àyè ìjókòó fún ọjọ́ Wẹ́sídeè tó ń bọ̀. Ìyá ọkọ mi ní àwọn náà ń bọ̀. Wọ́n ti ra pẹ́ńsùlù méjì, nítorí wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú báírò wọlé.