Bí a ṣe ń lẹ àwòrán mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí a fi iná yí

Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ẹ fọwọ́ yí lórí iná gáàsì lè gba àwòrán tó bá wù yín: ojú ọkọ àti ìyàwó, orúkọ ọmọ tuntun, orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. A kì í fi ọ̀dà kùn ún. Bébà dékálì la ń lò, èyí tí fíìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lójú rẹ̀. Orí fíìmù la ń tẹ àwòrán sí. Bó bá mu omi tán, fíìmù á yọ̀ kúrò lórí bébà. Bó bá wọ ààrò, ìyẹn ẹ̀rọ oníná mànàmáná tí a fi ń sun dígí, fíìmù á jó dànù, àwòrán á kù sára dígí.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò. Èyí tó ń lo íńkì olómi ò wúlò, iná á jẹ àwọ̀ rẹ̀ tán pátápátá. Lésà aláwọ̀ dúdú la fẹ́, tí irin wà nínú páúdà rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tún páúdà rọ sínú kátíríìjì ní ilé fọ́tòkópì, orúkọ ara ẹ̀rọ ò lè sọ irú páúdà tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ da páúdà díẹ̀ sórí bébà, kí ẹ fi òòfà rìn lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ń tẹ̀ lé òòfà kiri, irin wà níbẹ̀. Iná á sọ dúdú yẹn di pupa bí ilẹ̀ Kétu, nítorí náà ẹ má ṣèlérí dúdú fún oníbàárà. Ẹni tó bá fẹ́ oríṣiríṣi àwọ̀, kó ra dékálì tí wọ́n ṣe fún dígí. Ti abọ́ amọ̀ ń fẹ́ nǹkan bí 800°C, ìlẹ̀kẹ̀ yín á sì ti yọ́ kó tó débẹ̀.

Ẹ má yí àwòrán sódì. Bó ṣe wà lórí bébà náà ló ṣe máa wà lára ìlẹ̀kẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ funfun tàbí aláwọ̀ eyín erin ló dára jù. Dúdú àti búlúù kíkún á gbé àwòrán mì. Èyí tó tẹ́jú ni kí ẹ wá, bíi mílímítà 25, kí àwòrán má ju 15 lọ. Orí ìlẹ̀kẹ̀ roboto, fíìmù á ká jọ, torí kò lè tẹ̀ síwájú kó tún tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ fi ọtí ìwẹgbò nu ìlẹ̀kẹ̀, kí ẹ má sì fìka kan ojú rẹ̀ mọ́. Ẹ gé àwòrán súnmọ́ etí, kí ẹ rì í sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Á ká jọ, á tún tẹ́ padà. Bí ìṣẹ́jú kan bá pé, ẹ fìka tì í wò: bó bá yọ̀, ó ti tó. Ẹ má fipá fà á. Ẹ tì í láti orí bébà sórí ìlẹ̀kẹ̀ tó lómi díẹ̀, kí ẹ tò ó, kí ẹ wá fi òwú tútù tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí títí omi kò fi ní jáde mọ́. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù nìyí. Omi tàbí afẹ́fẹ́ tó bá kù lábẹ́ á wú nínú ààrò, á sì fọ́ àwòrán sí ihò wẹ́wẹ́. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ òòrùn, kí ẹ wò ó ní ẹ̀gbẹ́. Ibi tó bá ń dán funfun, afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24, 48 nígbà òjò. Nígbà ọyẹ́, ẹ da abọ́ bò ó nítorí eruku.

Ẹ ti irin bọ ihò ìlẹ̀kẹ̀, kí ẹ gbé orí irin méjèèjì lé bíríkì, kí ojú rẹ̀ má fara kan nǹkan kan. Fún dígí rírọ̀, èyí tó tètè ń yọ́, tí wọ́n ń pè ní 104, ẹ jẹ́ kí ààrò máa gòkè ní 120°C ní wákàtí kan títí dé 450, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí bíi sẹ̀ǹtímítà kan kí èéfín lè jáde. Ẹ ṣí fèrèsé pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn ṣáájú, èéfín á dúró, àwòrán á sì di eérú ṣíṣú. Lẹ́yìn náà ẹ tì í, kó lọ sí 570, kó dúró fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ tó ti bàjẹ́ dánwò ná, nítorí ààrò kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Bí àwòrán bá ń ṣí kúrò lábẹ́ èékánná, ẹ fi 10°C kún un. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti ń wọ́, ẹ dín in kù. Ẹ wá sọ̀ ọ́ sí 515 fún wákàtí kan, kó máa tutù ní 60°C ní wákàtí kan títí dé 370, kí ẹ tó pa á.

Bí iná mànàmáná bá lọ lágbedeméjì, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ má ṣí i wò. Bó bá ti tutù tán, ẹ tún un sun láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwòrán tó bá ṣá, ẹ lè lẹ òmíràn lé e gẹ́lẹ́ lórí, kí ẹ sì tún un sun.